Sàdíátù Kọ́ Láti Sọ Pé Kò Gbà

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín, èmi Àbẹ̀bí tí mò ń ta obì ní ọjà Mákùn ní Ṣágámù, ojú mi ló ṣe.

Lọ́dún 1981 ni Sàdíátù sá ogun wá láti Ṣáàdì. Ọkọ̀ akóbì tó ń bọ̀ láti Màídúgùrì ló gbé òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin dé Ṣágámù. Òwò obì ti kọ́ mi ní Haúsá, òun náà gbọ́ ọ, bá a ṣe mọ ara wa nìyẹn, tí mo fi kọ́ ọ ní Yorùbá díẹ̀. Fìlà ló ń ṣe. Abẹ́rẹ́ lásán ló fi ń ya òdòdó sí i lára. Háà, ó rẹwà! Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ló máa ń bá a tà á, ogun sì ti pa ọkọ náà. Òun fúnra rẹ̀ kò jókòó sọ́jà rí.

Mo bẹ Ìyálọ́jà títí ó fi fún un láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyálọ́jà kì í ṣeré: "Bí kò bá tà kí oṣù yìí tó parí, màá fún ẹlòmíì o." Ibẹ̀ nìkan ni Sàdíátù gbójú lé. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bárà ló kù.

Oníbàárà ń wá o. Sàdíátù á ní náírà márùn-ún ni fìlà kan, wọ́n á ní kó gba méjì. Ojú ẹsẹ̀ ló máa ní, "Ó gbà, ẹ ṣé, ẹ ṣé." Yéè! Ta ló ń ra irú ọjà bẹ́ẹ̀? Wọ́n á yí fìlà síwá sẹ́yìn, wọ́n á ní bóyá ó jí i ni, wọ́n á sì bá tiwọn lọ.

Mo pariwo mọ́ ọn nílé mi, níbi tí òun àti ọmọ rẹ̀ ń gbé: "Sọ pé kò gbà!" Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti sá kúrò nílé, ọpẹ́ nìkan ni òun ń dá, òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, àmọ́ mi ò dẹ̀rọ̀. Alaalẹ́ ni mò ń ṣe bí oníbàárà, tí òun ń kọ́ láti kọ owó mi.

Ọjọ́ ọjà tó kẹ́yìn oṣù pé. Tíṣà Olúsànyà dé láti Ìkẹ́nnẹ́, ahun paraku! Ó fi fìlà kan sórí, ó ní òun á san méjì.

Sàdíátù dáhùn: "Kò gbà, Bàbá."

Tíṣà gbé fìlà sílẹ̀, ó ń lọ. Ìyálọ́jà ń wò wá. Mo ń tẹ Sàdíátù lẹ́sẹ̀ pé kó pè é padà. Kò pè é. Ó tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó ń rán tirẹ̀ lọ.

Ni Tíṣà bá yíjú padà. "Gba mẹ́ta!"

"Kò gbà."

"Mẹ́rin, ìwọ obìnrin yìí!"

"Ẹ mú owó wá, Bàbá. Ẹ kú ìnáwó."

Tíṣà dé e, ó gẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń yan kiri ọjà bí ọkọ ìyàwó. Àwọn tó rí i ń wá ra tiwọn; kí oòrùn tó wọ̀, àpò tí Sàdíátù ń kó fìlà sí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ìyálọ́jà fúnra rẹ̀ wá bá a ṣe àjọyọ̀, ó ní kò sẹ́ni tó máa gba àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ìdùnnú mú mi, mo ní kí n ra ọ̀kan tó kù fún baálé mi. Mo na náírà mẹ́ta sí i.

Ó wò mí lójú kòrókòró. "Kò gbà, Ìyá."

"Èmi? Èmi tí mo kọ́ ẹ?"

"Ẹ fi lé e."

Mo fi lé e. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti bínú.