Adènà Tí Alágbàfọ̀ Yàn

Àwọn olówó máa ń sọ pé ìnákúnàá ni kì í jẹ́ kí owó dúró lọ́wọ́ tálákà. Ìgbà tí wọ́n bá yó tán ni wọ́n sì máa ń sọ ọ́. Irọ́ ni. Àánú ni. Àárín àwọn tí kò ní ni ẹni tí kò ní ń gbé, ẹkún wọn kò jìnnà sí etí rẹ̀. Ẹ ní kó tọ́jú owó, yóò tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá ń sunkún ní yàrá kejì, owó ti jáde nìyẹn.

Àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń fowó pamọ́ nítorí ilé sílẹ̀ mọ èyí dáadáa, torí àwọn náà kì í ṣe ọmọ olówó. Ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́ yóò máa dá owó díẹ̀ díẹ̀ títí yóò fi tó owó àsansílẹ̀, ẹgbẹ́ yóò kọ́ ilé fún un, yóò sì máa san ìyókù bí ẹni ń san owó ilé. Ṣùgbọ́n kó tó dá kọ́bọ̀, ó gbọ́dọ̀ yan ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní adènà. Bí ẹni tó ni owó bá fẹ́ gbà á jáde kí ọjọ́ tó pé, adènà ló máa bi í ní ohun tó fẹ́ fi ṣe. Bí adènà bá gbà, wọ́n á sanwó. Bí adènà bá ní rárá, ó parí, kí onítọ̀hún lọ máa bínú nílé rẹ̀.

Òfin yìí dára, àbí? Ẹ wá wo bí àwọn èèyàn wa ṣe lò ó. Kálukú yan ọ̀rẹ́ tó fẹ́ràn jù. Bíríkìlà yan ìyàwó rẹ̀, ìyàwó bíríkìlà yan bíríkìlà. Oníbúrẹ́dì yan ẹni tí wọ́n jọ ń sọ àṣírí. Ọ̀rẹ́ yóò débẹ̀, yóò ní, "Ẹ fún un, ìyà ń jẹ ẹ́." Kí ọdún tó yí po, owó àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn ti padà sílé, wọ́n sì ti padà sí ìdí ìlà àwọn tó ń dúró de ilé.

Alágbàfọ̀ nìkan ló lo ọpọlọ. Télọ̀ ló yàn.

Gbogbo ará àgbàlá tí òun àti Télọ̀ jọ ń gbé rẹ́rìn-ín títí. Yàrá Télọ̀ dojú kọ okùn tí Alágbàfọ̀ ń sá aṣọ sí. Ní ọjọ́ kan báyìí, afẹ́fẹ́ gbé aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tútù kan láti orí okùn, ó lọ dà á bo aṣọ ìyàwó tí Télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán tó gbé kọ́ ojú fèrèsé. Láti ọjọ́ náà, ẹ káàárọ̀ tí àwọn obìnrin méjèèjì ń kí ara wọn, bí ẹni ń ju òkò ni. Akọ̀wé ẹgbẹ́, ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bi Alágbàfọ̀ bóyá ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú, pé bí òun bá ní oòrùn ń ràn, obìnrin yẹn á ní kí òun tún ojú nù. Télọ̀ pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n sọ fún un, kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ó ti pẹ́ tí inú rẹ̀ ti dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ó sì ṣe iṣẹ́ náà bí iṣẹ́. Alágbàfọ̀ fẹ́ ra báfù ńlá kan, Télọ̀ ní rárá, pé èyí tó ń jò yẹn, kó lọ lẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ ra bàtà tuntun fún àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjì, Télọ̀ ní kí wọ́n dúró kí ẹsẹ̀ wọn dàgbà tán ná. Ó fẹ́ yá obìnrin kan lówó, ìyẹn ni Télọ̀ fi ẹ̀rín dáhùn. Alágbàfọ̀ á jáde, á máa sọ fún ẹni tó bá bá pàdé pé ìkà ni obìnrin náà. Tó bá wọ yàrá rẹ̀ tán, á ti ilẹ̀kùn, á rẹ́rìn-ín. Owó wà níbi tó wà. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Kí ẹ má sì rò pé ọ̀ràn afẹ́ ni ilé jẹ́ fún un. Yàrá kan ṣoṣo lòun àti àwọn ọmọ ń gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Nínú yàrá yẹn ló ti ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ, nítorí iná mànàmáná kò ṣeé gbọ́kàn lé. Aṣọ àwọn ẹlòmíràn ló ń gbé kọ́ káàkiri òkè bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀wù àwọn ọ̀gá báńkì, yẹ́rì ìyá adájọ́, àwọn ọmọ á sì sùn sí abẹ́ wọn. Èyí àbúrò ń wúkọ́. Dókítà ti sọ pé èéfín èédú ni, pé kí wọ́n gbé iná kúrò níbi tí ọmọ ń sùn. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ibòmíràn wà. Ilé ẹgbẹ́ ní yàrá méjì àti ìta ẹ̀yìn tó ní òrùlé. Ìta ẹ̀yìn yẹn ni Alágbàfọ̀ ń rí lójú àlá.

Ó ku oṣù méjì kí owó rẹ̀ pé ni àbúrò rẹ̀ dé.

Ó-Kù-Díẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń pe àbúrò yìí, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn tí wọ́n bá bi í báwo ni iṣẹ́. Ó ti sin adìyẹ, àrùn kó wọn lọ. Ó ti ra àpò bàtà òkìrìkà láti máa tà, nígbà tó tú u, ẹsẹ̀ òsì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn dáadáa ni, ẹnikẹ́ni tó bá ní kì í ṣe èèyàn dáadáa, èmi àti onítọ̀hún máa jà. Nígbà tí ọkọ Alágbàfọ̀ kú, tí obìnrin náà dùbúlẹ̀ tí kò lè fọ aṣọ ara rẹ̀, ká má tíì sọ ti ẹlòmíràn, Ó-Kù-Díẹ̀ ló fi ilé-ìwé sílẹ̀, tó lọ ń ru búlọ́ọ̀kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, tó ń gbé oúnjẹ wá fún àwọn ọmọ. Kò padà sí ilé-ìwé náà mọ́. Kò sì fi ṣe ìrègún rí.

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rọ ìlọta ló rí. Àlòkù ni, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ni ín ń kó kúrò ní àdúgbò, kò sì ní dúró pẹ́. Ó ṣàlàyé títí, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní oṣù mẹ́ta péré, òun á dá owó ẹ̀gbọ́n òun padà. Alágbàfọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì sọ pé rárá, nítorí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ọmọ yìí rí láti ìgbà tó ti ń pọ̀n ọ́n. Ohun tó sọ ni pé owó wà, ṣùgbọ́n ẹnu òun kọ́ ló wà, ẹnu Télọ̀ ni. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin náà dìde, wọ́n jọ lọ sí yàrá Télọ̀.

Télọ̀ bi í ní ìbéèrè bí ó ṣe máa ń ṣe. Èló ni, níbo ni yóò gbé e sí, ta ni yóò máa bá a lọ ata. Ó-Kù-Díẹ̀ dáhùn. Lẹ́yìn náà, Télọ̀ bi í pé iṣẹ́ wo ló kọ́, ó ní òun kò kọ́ iṣẹ́ kankan tán, pé ìgbà tí òun ìbá kọ́ ọ ni òun ń ru búlọ́ọ̀kù. Kò sọ ìdí rẹ̀. Alágbàfọ̀ ló fi ìtìjú sọ ọ́. Télọ̀ wo ọmọkùnrin náà, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ́.

"Mo gbà," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká pàdé lọ́dọ̀ Akọ̀wé lọ́la."

Ó-Kù-Díẹ̀ dúpẹ́ títí ó fi jáde. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ: bẹ́ẹ̀ ni Alágbàfọ̀ ṣe rí lójú ọ̀nà padà sí yàrá rẹ̀. Ó ń lọ ẹ̀wù kan, ẹ̀wù náà jó mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó kọjá lábẹ́ okùn aṣọ, ó padà síbẹ̀ lóun nìkan. Ó bi Télọ̀ pé kí ni òun fi ṣe é.

Télọ̀ kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣínnì. Ó ní, "O mú ọmọ ìyá rẹ wá, ó sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, mo gbà. Kí ni mo tún ṣe?"

"Ẹ kò gbà fún mi rí."

Ìgbà yẹn ni máṣínnì dákẹ́.

"Gbogbo ìgbà tí mo ní rárá," Télọ̀ ní, "o jáde lọ sọ fún àgbàlá pé ìkà ni mí. Kò dùn mí. Ọ̀rọ̀ báfù ni, ọ̀rọ̀ bàtà ni. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn, o fẹ́ kí n bá ọ lé e, kí ìwọ lè máa jẹ́ ẹ̀gbọ́n rere lọ. Èmi náà ní àbúrò. Ó wá bẹ̀ mí nígbà kan, owó ilé-ìwé ọmọ mi ló wà lọ́wọ́ mi, mo sì fi ẹnu ara mi sọ fún un pé rárá. Ọdún ti gorí ọdún, kò kí mi mọ́. Tèmi yẹn ti wúwo tó. N kò lè gbé tìrẹ lé e. Bí o bá fẹ́ ilé, fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́."

Alágbàfọ̀ tún kọjá lábẹ́ okùn aṣọ, ó padà sí yàrá rẹ̀. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni, ó sì dùn ún gan-an pé òótọ́ ni.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó síwájú Akọ̀wé. Ẹ̀wù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi táàṣì sí lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Ó-Kù-Díẹ̀ wọ̀, ó jókòó ṣánṣán kó má baà rún. Akọ̀wé bi Télọ̀, Télọ̀ ní òun gbà. Akọ̀wé wá ti ìwé àti yíǹkì sí iwájú Alágbàfọ̀ pé kó tẹ̀ka. Alágbàfọ̀ na ìka, ó sì kó o padà.

"N kò gbà."

Akọ̀wé rò pé kò yé e ni. Ó rọra sọ fún un pé adènà rẹ̀ ti gbà.

"Mo gbọ́. Èmi ni n kò gbà." Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Owó náà wà. N kò ní fún ọ. Ilé ni mo fẹ́."

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà lẹ́nu rẹ̀, ikọ́ ọmọ rẹ̀, òrùlé ìta ẹ̀yìn, ìdí ìlà. Ṣùgbọ́n ó mọ ara rẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ọmọkùnrin yẹn á rí èsì fún gbogbo rẹ̀, òun á sì tẹ̀ka kí oòrùn tó kan àtàrí. Ó pa ẹnu mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Ó-Kù-Díẹ̀ ní, "nígbà tí ọkọ yín kú..."

"N kò gbàgbé. Títí mo fi máa kú, n kò ní gbàgbé. N kò sì ní fún ọ."

Ọmọkùnrin náà dìde. Kò pariwo, ìbá sàn kó pariwo. Ó kí Akọ̀wé, ó kí Télọ̀, ó jáde. Alágbàfọ̀ sunkún nínú ọ́fíìsì yẹn láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Télọ̀ kò dìde lọ títí ó fi sun ún tán.

N kò ní parọ́ fún yín: ẹ̀rọ ìlọta náà, ẹlòmíràn rà á, ó sì ń rí jẹ nídìí rẹ̀. Kò bàjẹ́ kí ọkàn Alágbàfọ̀ lè balẹ̀. Ó-Kù-Díẹ̀ padà sídìí búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ránṣẹ́ sí i lọ́pọ̀ ìgbà, èsì tó ń gbọ́ kò ju pé ó wà ní àlàáfíà. Alágbàfọ̀ dá owó oṣù kan, ó dá ti èkejì, ó pé. Inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ bàjẹ́, kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ọjọ́ tí wọ́n pín kọ́kọ́rọ́ náà ni wọ́n gba àwọn èèyàn tuntun wọlé. Ìlà méjì ló wà nínú gbọ̀ngán. Alágbàfọ̀ ti gba tirẹ̀, Télọ̀ tí òun náà ń dá owó nínú ẹgbẹ́ ti gba tirẹ̀, wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, nígbà tí Alágbàfọ̀ rí ẹ̀yìn ọrùn kan tó mọ̀ ní iwájú tábìlì kejì. Eruku sìmẹ́ǹtì ṣì wà nínú irun rẹ̀. Akọ̀wé ń bi í pé ta ni adènà rẹ̀. Láìwo ẹ̀yìn, ó na ọwọ́ sí ìhà ibi tí Alágbàfọ̀ wà.

"Obìnrin yẹn."

Akọ̀wé bi í bóyá ó dá a lójú pé ẹni yẹn lè sọ fún un pé rárá. Ó ní ó dá òun lójú, pé òun ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé gbé ojú sókè, ó bi Alágbàfọ̀ bóyá ó gbà.

Ó rìn lọ sí ìdí tábìlì, ó ní òun gbà, ó tẹ̀ka. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kún fún yíǹkì. Ìgbà yẹn ni àbúrò rẹ̀ tó yíjú wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé tuntun."

Alágbàfọ̀ dúró, ó ń wo ọmọ náà, títí Télọ̀ fi wá gbún un níhà láti ẹ̀yìn.

"Dá a lóhùn," ó ní. "Ṣé o rò pé gbogbo wa ni wọ́n ń padà wá kí ni?"

Alágbàfọ̀ dá a lóhùn.