Ti Aṣọ́lé Kejì ni Ife Ọba

Àwọ̀n ni mo ń tún ṣe ní èbúté Corveiro, ìlú apẹja wa ní ilẹ̀ Spain. Iṣẹ́ tí ìyá mi fi tọ́ mi ni, òun náà ni mo fi tọ́ Breixo ọmọ mi. Ohun kan wà tí àwa obìnrin alátùn-únṣe àwọ̀n kì í ṣe: a kì í gé ojú àwọ̀n tó dára. Ibi tó bá ya nìkan là ń gé, ká tó hun ún padà. Ìdí nìyí tí inú fi máa ń bí mi tí mo bá rí àwọn agbábọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí wọ́n bá ti gba ife tán, wọ́n á gun ara wọn léjìká, wọ́n á fi àlùmọ́gàjí gé àwọ̀n ilé gọ́ọ̀lù wẹ́lẹwẹ̀lẹ, oníkálukú á mú tirẹ̀ lọ sílé.

"Ẹ wo àwọn ọmọ tí abẹ́rẹ́ ò gún níka rí," ni mo máa ń wí fún Obdulia, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó ní èbúté.

"Dosinda, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀," Obdulia á ní. "Àwọ̀n wọn ni. Wọn ò ní kí o wá tún un ṣe."

Aṣọ́lé ni Breixo nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa. Aṣọ́lé kejì. Ẹni tí kò bá mọ bọ́ọ̀lù kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dun ìyá tó. Bó bá rẹ àwọn tó ń sáré, wọ́n á pààrọ̀ wọn, ọmọ ẹlòmíràn á rí àyè wọlé. Ṣùgbọ́n ìjókòó ni iṣẹ́ aṣọ́lé kejì, àfi tí nǹkan bá ṣe ẹni àkọ́kọ́. Èmi kì í sì í gbàdúrà ibi fún ọmọ ẹnikẹ́ni. Mo kàn máa ń dákẹ́ ni nígbà tí àwọn ará ìlú bá ń bẹ Ọlọ́run pé kó dáàbò bo eékún Ekaitz.

Ekaitz yìí ni aṣọ́lé àkọ́kọ́. Ọmọ ilẹ̀ Basque ni, ó ga bí òpó ọkọ̀ ojú omi. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí n kò fi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ká ní kò mọ̀ ọ́n ṣe ni, ara ì bá tù mí. Tó bá ń kọjá, á kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, "Ẹ káàárọ̀, Màmá Breixo." Èmi á dá a lóhùn, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ọwọ́ mi ni mo máa ń wò.

Àṣà kan wà ní ilẹ̀ wa tí òfin kankan kò kọ sílẹ̀. Aṣọ́lé àkọ́kọ́ ló ni líìgì, aṣọ́lé kejì ló ni Ife Ọba, ìdíje tí ẹgbẹ́ tó bá ti pàdánù ẹ̀ẹ̀kan ti máa lọ sílé. Ọdọọdún ni Breixo máa ń gba tirẹ̀, ọdọọdún náà ni wọ́n sì máa ń tètè lé wa. Àfi lọ́dún yìí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní abúlé kan tí màlúù ti ń jẹko lẹ́yìn ilé gọ́ọ̀lù, òjò ń rọ̀, ẹrẹ̀ mu ọmọ mi dé eékún. Níbòmíràn ó fi ojú gba bọ́ọ̀lù, eyín rẹ̀ kan sì lọ. Wọ́n ń ṣẹ́gun lọ, wọ́n ń ṣẹ́gun lọ, títí a fi gbọ́ pé Corveiro ti wọ àṣekágbá, ní Sevilla, pẹ̀lú ẹgbẹ́ ńlá kan láti Madrid. Ìlú wa ò rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé.

Ìgbà yẹn ni àwọn ènìyàn wá yí ohùn padà. Servando tó ń ta búrẹ́dì ló kọ́kọ́ gbé e kò mí lójú.

"Màmá Breixo, ẹ má bínú o. Àṣà dára. Àmọ́ àṣekágbá nìyí. Ẹ jẹ́ kí Ekaitz ṣọ́ ọ fún wa."

"Servando," mo ní, "nígbà tí ọmọ mi wà nínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ màlúù, ṣé o ránṣẹ́ pe Ekaitz?"

"Ẹ̀yin náà ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́."

"Òótọ́ ni mò ń sọ. Búrẹ́dì rẹ náà ò jinná, mo sì ń jẹ ẹ́."

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Servando nìkan. Rédíò ń sọ ọ́, onígbàjámọ̀ ń sọ ọ́, àlùfáà pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ nínú ìwàásù. Don Eladio, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, kò sọ nǹkan kan, ojo ọkùnrin ni, ọ̀rùn ẹ̀wù rẹ̀ ló máa ń jẹ lẹ́nu. Breixo wá jẹun lọ́dọ̀ mi kí wọ́n tó lọ. Ó jẹ sàdíìnì tán, ó nu ọwọ́.

"Màmá, bí wọ́n bá fi Ekaitz sí i, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà."

"Ta ni mo bá jà rí?"

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Àwa méjèèjì mọ̀ pé ọdún tó máa gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn nìyẹn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ọkọ̀ ẹja ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló ń lọ. Eré kan ṣoṣo ló kù tí ọmọ mi lè fi sọ pé òun gbá bọ́ọ̀lù láyé òun, eré náà sì nìyí.

Ní Sevilla, oòrùn ń ta bí ẹni pé ó bá wa ní gbèsè. Ibì kan náà ni wọ́n kó gbogbo ẹbí agbábọ́ọ̀lù sí. Bí mo ṣe jókòó, obìnrin kan tó gé irun funfun rẹ̀ kúrú jókòó tì mí, ó di wàràkàṣì sínú aṣọ, ó gbé e lé itan. Ó ní Maddalen ni orúkọ òun, òun ni ìyá Ekaitz.

Mo ní mo yọ̀ láti rí i. Ẹnu lásán ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n ní tèmi ló máa ṣọ́lé," ó ní.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Rédíò."

"Rédíò yẹn náà ló ní òjò máa rọ̀ lónìí."

Ó gbójú sókè wo oòrùn, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ká sòótọ́, èmi náà ò mọ̀. Mo bi í léèrè. Ó ní kí n ṣáà wọṣọ tó dáa kí n máa bọ̀."

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àwọn aṣọ́lé ló máa ń kọ́kọ́ jáde láti na ara. Ẹni tí kò ní ṣọ́lé ló máa ń gbé àpò bọ́ọ̀lù, òun ló máa ń gbá bọ́ọ̀lù sí ẹni tó máa ṣọ́lé. Àpò yẹn ni Breixo ti ń gbé ní gbogbo eré líìgì láti ìgbà tó ti dé ẹgbẹ́ náà. Àwọn méjèèjì yọ jáde. Mi ò wo ojú wọn, èjìká wọn ni mò ń wò. Èjìká Ekaitz ni àpò wà.

Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì nù ún. Maddalen tú aṣọ orí itan rẹ̀, ó gé wàràkàṣì, ó fún mi.

"Ẹ jẹun, Ìyá Breixo. Eré yìí á pẹ́."

Òótọ́ ló sọ. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí àwọn ará Madrid gbá bọ́ọ̀lù kan tí kò lágbára rárá, bọ́ọ̀lù tí Breixo lè mú lójú oorun, ó sì yọ́ gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Àwọn tiwa gan-an, àwọn tó wọ aṣọ ìlú wa, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe, "Ekaitz! Ekaitz!" Mo gbọ́ ohùn Servando láàárín wọn. Mo dìde kí n fi ẹnu fọ̀ ọ́ mọ́, Maddalen fa aṣọ mi.

"Ẹ jókòó. Ọmọ yín ń wòkè."

Mo jókòó. Lóòótọ́ ló ń wòkè, ibi tí mo wà ló ń wò. Mo ju ọwọ́ sí i bí mo ṣe máa ń ṣe tí ọkọ̀ bá ń wọ èbúté. Láti ìgbà náà, kò tún sí bọ́ọ̀lù tó kọjá lára rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí àsìkò pé, kápútéènì wa fi orí kan ọ̀kan wọlé, a di ọ̀mì. Wọ́n fi àkókò kún un, ó ku ìṣẹ́jú kan kó parí, ọ̀mì náà ni. Pẹ́náritì ló ń bọ̀.

Gbogbo Spain ló mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń mú pẹ́náritì bí Ekaitz. Don Eladio jẹ ọ̀rùn ẹ̀wù rẹ̀, ó sì yíjú sí bẹ́ǹṣì. Igbe tún sọ, "Ekaitz! Ekaitz!" Ekaitz dìde. Breixo rí i láti inú ilé gọ́ọ̀lù, ó sì sorí kọ́. Ìyá tó bá ti rí ọmọ rẹ̀ tó sorí kọ́ báyẹn rí ló lè mọ ohun tó ṣe mí.

Don Eladio nawọ́ sí pápá. Ekaitz sọ nǹkan fún un. Don Eladio tún nawọ́. Àfi bí ọmọkùnrin yẹn ṣe jókòó sórí koríko, tó tú okùn bàtà rẹ̀, tó bọ́ ọ̀kan, tó jù ú sáàárín àwọn tó ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ó bọ́ ìkejì, ó jù ú. Ó ju ìbọ̀wọ́ tẹ̀ lé e. Ó wá dìde dúró pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun, ó káwọ́ lẹ́yìn, ó ń wò wọ́n. Ariwo náà kú. Don Eladio gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́ṣà dá dúró, ó padà lọ jókòó.

Lẹ́yìn náà ni Breixo sọ fún mi ohun tí Ekaitz sọ. Ó ní, "Kóòṣì, èmi ò sí nínú ẹrẹ̀ yẹn."

Mi ò mọ ìgbà tí mo di ọwọ́ Maddalen mú.

"Bí bàbá rẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn," ó ní. "Olóríkunkun." Ó tún ní, "Mo fẹ́ rí i níbẹ̀, Ìyá Breixo. Mi ò ní purọ́ fún un yín. Òun náà ò gbá bọ́ọ̀lù àṣekágbá rí. Mo fẹ́ rí i."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin sí i.

Nígbà tí àkókò pé, Ekaitz fi ìbọ̀sẹ̀ rìn wọ pápá, ó gbá Breixo mọ́ra, ó padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a lọ́kọ̀ọ̀kan. Tiwa ń wọlé, tiwọn náà ń wọlé. Nígbà tó kan ẹni ìkẹyìn tiwọn, Breixo fò sí òsì, ọwọ́ rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù kan òpó, ó sì jáde síta. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ẹlòmíràn ló sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní mo fi ẹnu ko Servando lẹ́nu. Irọ́ ni wọ́n ń pa.

Àwọn ọmọ wa gba ife tán, wọ́n gbé àlùmọ́gàjí dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwọ̀n. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò bú ẹnikẹ́ni. Breixo gé ibi tó gùn jù, ó gun òkè wá bá wa, òógùn bo ojú rẹ̀, àlùmọ́gàjí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. A ti gé àwọ̀n."

Mo fi ìka wo ojú àwọ̀n náà. "Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni. Àmọ́ kò tíì ya." Mo wá na ọwọ́. "Gbé àlùmọ́gàjí yẹn wá."

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Mo wá àárín àwọ̀n náà, ibi tí ojú rẹ̀ dára jù, mo sì gé e sí méjì. Ọwọ́ mi ò ṣe irú rẹ̀ rí. Mo fi ìdajì fún Maddalen.

"Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni," mo ní. "Ìyá Ekaitz, ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun tí ẹ bí i. Ohun tí ẹ fẹ́ rí lónìí, èmi ni ẹ fún. Mi ò ní gbàgbé títí mo fi máa kú."

Ó ká àwọ̀n náà, ó fi sínú aṣọ wàràkàṣì, ó dì í mọ́ àyà.

Ekaitz ti tẹ̀ lé Breixo dé ìsàlẹ̀ ibi tí a jókòó sí, ó ń wò wá, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé. Èmi tí mo máa ń wo abẹ́rẹ́ nígbà tó bá ń kí mi, mo wo ojú rẹ̀ wàyí.

"Ekaitz, ọmọ mi," mo pè é, "lọ wá bàtà wọ̀, kí òtútù má baà mú ẹ."