Ọkọ́ Níwájú Pẹpẹ

Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ni Gbénró jókòó sí lọ́jọ́ ìkórè, kó lè yọ́ jáde kí wọ́n tó pe àwọn àgbẹ̀. Omi ọ̀sà tó ya wọ Òde-Omi lọ́dún náà kò fi ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un. Kí ló fẹ́ gbé dé iwájú pẹpẹ? Ìtìjú?

Ibi tó ti ń dìde ni àlùfáà ti pe àwọn àgbẹ̀. Màmá Àìná, opó tí oko rẹ̀ bá omi lọ tòun ti ilé ìdáná, ló kọ́kọ́ jó jáde. Ọkọ́ ló fi kọ́ èjìká.

Àlùfáà ní, "Màmá, ìkórè yín dà?"

"Omi ti kó o lọ, àmọ́ kò kó Ọlọ́run lọ! Ọkọ́ tí mo máa fi gbin òmíràn nìyí. Ẹ tètè gbàdúrà sí i, mò ń lọ oko lọ́la."

Gbénró sá jáde. Àwọn tó rí i mirí, wọ́n ní ojú ló ń tì í.

Àdúrà kò tíì parí tó fi padà dé, òógùn bò ó, ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọkọ́ náà lára. Àárín ìjọ ló gbà kọjá.

"Àlùfáà, ẹ má tíì ṣe àmín. Ó ku tèmi."