Èébú Láti Ẹ̀yìn Fóònù

"Ó ti gbé bọ́tìnì mì! Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi ti gbé bọ́tìnì mì!"

Nọ́ọ̀sì yára fa fóònù sẹ́yìn kí etí rẹ̀ má baà di. Lódìkejì, ọmọ náà ń ké bí ẹni tí wọ́n gba ilé bàbá rẹ̀. Inú nọ́ọ̀sì dùn. Ọmọ tó lè ké tó báyìí, èémí ń wọlé, èémí ń jáde.

"Ìyá ọmọ, fara balẹ̀. Ṣé bọ́tìnì lásán ni, àbí bátìrì kékeré inú aago?"

"Bọ́tìnì ni, mà. Ti ẹ̀wù bàbá ẹ̀. Ìkejì ẹ̀ rèé lọ́wọ́ mi."

"Ṣé ó ń wúkọ́? Ṣé itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀?"

"Rárá o. Bísíkíìtì ló ń ké fún."

Ohùn mìíràn bú jáde lẹ́yìn rẹ̀. "Béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ bóyá etí ló fi ń ríran! Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé ìwòsàn!"

"Ẹ má bínú, mà," ni ìyá ọmọ sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ìyá ọkọ mi ni."

Nọ́ọ̀sì ò bínú. Ọjọ́ tí ẹ̀yìn dídùn ti lé e kúrò ní wọ́ọ̀dù pàjáwìrì wá sínú yàrá kótópó yìí, sídìí fóònù tó fi ń sọ ẹni tó yẹ kó wá àti ẹni tó lè jókòó sílé, ni dókítà àgbà ibẹ̀ ti sọ ọ́ ní Afetíríran. Wọ́ọ̀dù yẹn! Ẹni tí ẹ̀fọn jẹ àti ẹni tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ dákẹ́, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jọ ń jókòó sí.

"Fún un ní bísíkíìtì ẹ̀," ni ó wí. "Bọ́tìnì á jáde fúnra ẹ̀. Máa wo inú ìgbẹ́ ẹ̀. Bó bá ń bì, tàbí tí inú ń run ún, ẹ gbé e wá."

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. "Ìgbẹ́ kẹ̀! Ẹ gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n fi ń gbowó oṣù! Nọ́ọ̀sì ìgbẹ́! Nọ́ọ̀sì ì... nọ́..."

Èébú náà já sí méjì. Ohun tó tẹ̀ lé e dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí oúnjẹ gbígbóná kún ẹnu rẹ̀.

"Ẹ̀rín ti pa ìyá wa," ni ìyá ọmọ wí.

Nọ́ọ̀sì ti dìde. "Fi ọmọ sílẹ̀. Wo ìyá lójú. Ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín sí ẹ."

"Àfi ẹ̀rín náà ni wọ́n ń rín látàárọ̀..."

"Wò wọ́n!"

Nọ́ọ̀sì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe sáré lọ.

"Nọ́ọ̀sì... ẹnu wọn ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Ní kí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú."

"Ọ̀kan ò gbéra, mà!"

"Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Má fún wọn lómi, má fún wọn lóògùn. Sọ ibi tẹ́ ẹ wà fún mi. Ọkọ̀ ń bọ̀."

Ó fi fóònù kejì pe ọkọ̀ pàjáwìrì, ó sì pe wọ́ọ̀dù. Dókítà àgbà ló gbé e.

"Afetíríran, kí lo tún rí?"

Ó sọ fún un. Dókítà ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. "Kí wọ́n máa gbé wọn bọ̀. Ibùsùn ṣófo."

Nọ́ọ̀sì jókòó pẹ̀lẹ́. Ibùsùn ṣófo? Gbogbo ìgbà tó fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò gbọ́ ọ rí. Ó rántí àwọn tó ti ní kí wọ́n jókòó sílé láàárọ̀ yìí: onímú dídí, ọkùnrin tó fi òòlù lu àtàǹpàkò ara rẹ̀, ìyàwó tuntun tí òsúkè ò jẹ́ kó sinmi. Wọn ò mọ ìyá yìí rí, síbẹ̀ àwọn ló bá a tẹ́ ibùsùn sílẹ̀.

Nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀, fóònù dún.

"Nọ́ọ̀sì, wọ́ọ̀dù la wà. Ìyá wa ló ní kí n pè yín."

Èémí kan kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni ohùn ìyá àgbà tẹ̀ lé e, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn.

"Nọ́ọ̀sì... ìgbẹ́. Bọ́tìnì... ti jáde?"

Nọ́ọ̀sì tẹ fóònù mọ́ etí. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó já.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni ó wí, "ẹ tún mi bú."