Ohùn Tó Wà Nínú Téèpù Nell Garsdale

Kò sí ohun tí Nell Garsdale fọwọ́ kàn rí ní ìlú Skelby nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Alwyn Braithwaite kò fẹ́ gbé sínú àpótí gíláàsì. Okùn gìtá tó já mọ́ ọn lọ́wọ́ wà níbẹ̀. Sikáàfù tó gbàgbé sórí àga wà níbẹ̀, pẹ̀lú agbòjò kan tí àwọn kan ní ti olùkọ́ ìṣirò kan ni, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá Alwyn jiyàn? Bisikíìtì tí Nell gé jẹ kù ní ọdún 1966 náà wà lórí àwo. Ká má parọ́, eku ti jẹ ojúlówó, Alwyn sì fi ẹnu ara rẹ̀ gé òmíràn dípò. Ó ní irú bisikíìtì kan náà ni, eyín nìkan ló yàtọ̀.

Yàrá òkè ilé ọtí Drovers ni gbogbo ẹrù yìí wà, níbi tí Nell ti máa ń kọrin ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ ṣì ní irun lórí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ orin rẹ̀ sílẹ̀, òun náà ló ń ta gìtá sí i. Ní ìgbà òtútù ọdún 1967, ó kọrin lálẹ́ ọjọ́ kan, ó palẹ̀ gìtá mọ́, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó sì pa orin tì pátápátá. Pẹ́pẹ́yẹ ló ń sìn ní Wales di òní olónìí, kì í sì í fèsì lẹ́tà.

Àwọn olólùfẹ́ orin rẹ̀ láwọn ìlú mìíràn ti jà títí lórí ìdí tó fi lọ. Àwọn kan ní ọkùnrin ló já a kulẹ̀, àwọn kan ní àwọn tó ń tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù ló rẹ́ ẹ jẹ. Alwyn ní tiẹ̀ á mi orí tàánú-tàánú, á ní ọkàn rẹ̀ ló rọ̀ jù fún ayé yìí. "Mo wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà," ni yóò wí. "Iwájú gan-an ni mo jókòó sí. Kò sẹ́ni tó tẹ́tí sí Nell tó mi." Ẹlòmíràn ní oyè, ẹlòmíràn ní ilé alájà. Ohun tí Alwyn ní láyé ni pé òun ló gbọ́ Nell jù.

Lóṣù tó kọjá, òrùlé Drovers ń jò. Káfíńtà gun àjà lọ, ó sì bá agolo kan níbẹ̀ tí téèpù wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé: Nell, "Ẹ̀wù Irun Àgùntàn Bàbá Mi". Orin tí gbogbo olólùfẹ́ Nell ń wá kiri nìyẹn. Ìgbà òtútù kan péré ló fi kọ ọ́ níwájú èèyàn, kò sì gbé e sínú rẹ́kọ́ọ̀dù kankan. Alwyn gan-an, tí kì í gbàgbé bisikíìtì, ti gbàgbé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Ìròyìn dé Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀mọ̀wé Imogen Tarrant, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń tọ́jú ohùn àtijọ́ sí, ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bí téèpù náà bá dára, ilé ìkàwé ìlú yóò yọ̀ǹda yàrá gidi fún gbogbo ẹrù Nell, wọn yóò sì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé Alwyn Braithwaite, ẹni tó gbọ́ Nell jù, ni alábòójútó.

Ẹ̀rọ Alwyn nìkan ló ṣẹ́ kù nílùú tó lè lu irú téèpù bẹ́ẹ̀. Ted Oldroyd, tó ti ń darí ẹgbẹ́ olórin tó ń pàdé ní Drovers láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ló gbé téèpù náà wá fún un. Kò wo ojú rẹ̀.

"Alwyn, kọ́kọ́ dá nìkan gbọ́ ọ ná," Ted wí. "Bọ́tìnì pupa ara ẹ̀rọ rẹ yẹn, èyí tó máa ń pa nǹkan rẹ́, ó ṣì ń ṣiṣẹ́, àbí?"

"Kí ni mo fẹ́ fi bọ́tìnì pupa ṣe?"

"Mo kàn béèrè ni, ọ̀rẹ́ mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Enid ìyàwó rẹ̀ wà nínú ọgbà, Alwyn fi téèpù náà sínú ẹ̀rọ. Ó gbọ́ ìró ife. Ó gbọ́ ikọ́. Ó gbọ́ gìtá, lẹ́yìn náà Nell mú ìlà àkọ́kọ́, omi sì lé ròrò lójú bàbá. Àfi bí ariwo kan ṣe bẹ́. Alwyn kọ́kọ́ rò pé màlúù ló já wọ ilé ọtí. Ó lu ẹ̀rọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Màlúù ò lọ, ó tún ń pe ọ̀rọ̀ orin náà ketekete. Ìgbà yẹn ló yé e pé òun ni, torí kò sẹ́ni tí kì í dá ohùn ara rẹ̀ mọ̀ bó bá pẹ́ títí.

Ní irú ilé ọtí olórin bẹ́ẹ̀, olórin ló ni ìlà, gbogbo ilé ló ni ègbè. Ẹni tó bá sì gbà pé òun mọ orin í kọ á dijú, á fi ìka kan di etí, kó lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀ dáadáa. Alwyn, tí kì í fi ìdajì ọkàn ṣe ohunkóhun, fi ìka di etí méjèèjì. Ìlà ni o, ègbè ni o, ó ń gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Nínú téèpù, Nell gbóhùn sókè. Ó yí ohùn gìtá padà. Ó dákẹ́. Alwyn ń bá tiẹ̀ lọ ní òun nìkan títí orin fi parí, ó sì tún fi ègbè kan ṣe ènì.

Lẹ́yìn náà Nell sọ̀rọ̀, kò tilẹ̀ bínú: "Ted, bá mi mú ẹ̀wù mi. Mò ń lọ sin pẹ́pẹ́yẹ. Pẹ́pẹ́yẹ kì í báni gbe orin."

Ojú ti Alwyn bí ẹni pé wọ́n bọ́ ọ síhòòhò lójú ọ̀nà. Gbogbo ọdún wọ̀nyí tó fi ń ṣọ̀fọ̀ Nell, òun ló lé e lọ. Ó gbé àtàǹpàkò lé bọ́tìnì pupa. Ta ló máa mọ̀? Téèpù àtijọ́ ṣáà máa ń bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n téèpù náà ṣì ń yí, Alwyn inú rẹ̀ sì tún ti bẹ̀rẹ̀ orin mìíràn. Ohùn ọmọbìnrin kan jáde nínú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ gbé bíà yẹn fún mi. Èmi á lọ dí i lẹ́nu."

Enid ni. Enid kí wọ́n tó mọ ara wọn, kí eyín rẹ̀ tó di ti àtọwọ́dá, kí pípe ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó há a lóhùn. Alwyn mú àtàǹpàkò kúrò. Bó ṣe fẹ́ràn orúkọ rẹ̀ tó, kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohùn yẹn rẹ́.

Nígbà tó di Sátidé, yàrá òkè kún fọ́fọ́. Alwyn tẹ ẹ̀rọ náà, ó sì wolẹ̀. Nígbà tí ariwo bẹ́, Ọ̀mọ̀wé Tarrant fọwọ́ di àyà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ọkùnrin yìí?"

Gbogbo àgbààgbà ilé gbójú sókè, wọ́n ń wo àjà. "A ò mọ̀ ọ́n," Ted wí. "Àlejò kan ni. Ó ti kú."

"Èmi ni," Alwyn wí.

"A mọ̀," gbogbo ilé dáhùn.

Wọ́n ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Ẹni tó fi ìka di etí méjèèjì nìkan ni kò mọ̀.

Ọ̀mọ̀wé Tarrant fi ọwọ́ nu ẹ̀rín kúrò lójú. "Bàbá, mi ò lè parọ́ fún yín, Nell kò ju ìlà kan lọ níbí. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ orin náà pé lẹ́nu yín. Láìsí yín, orin yìí ti sọ nù. Yàrá yín wà. Ohun tí a ò ṣáà lè kọ sára ilẹ̀kùn ni pé ẹ̀yin lẹ gbọ́ Nell jù."

Bí tọkọtìyàwó náà ṣe ń rìn lọ sílé, Alwyn dúró níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́.

"Enid, bíà tó o gbé fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo rò pé ìfẹ́ ni."

"Wọ́n dáwó rà á ni. Wọ́n ní kí n jókòó tì ọ́ títí wàá fi dákẹ́, kí n wá máa lọ sílé mi."

"Kí ló wá dé tó ò lọ?"

Enid kọ́ ọ lọ́wọ́. "Ṣé o ti dákẹ́ ni?"