Àwo Tuntun Lórí Òrùlé Savsan

Savsan kì í ṣe oníṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tètè mọ̀. Nọ́ọ̀sì ni, òun nìkan ṣoṣo sì ni nọ́ọ̀sì tí wọ́n ní ní Ravjomb, abúlé tó há sáàárín òkè méjì ní àfonífojì Bartang, níbi tí oòrùn ti ń pẹ́ yọ, tó sì ń yára wọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àjọ kan tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ fi àwo sátẹ́láìtì tuntun ránṣẹ́ láti rọ́pò ti àtijọ́, oníṣẹ́ tó yẹ kó wá gbé e kọ́ ní òun ò lè gun ọ̀nà yẹn lóṣù kọkànlá. Ó ní kí wọ́n ní sùúrù di ìgbà tí yìnyín bá yọ́. Sùúrù kẹ̀? Ṣé oyún ni wọ́n máa sọ fún pé kó ní sùúrù?

Oyún inú Nekqadam, àbúrò ọkọ Savsan, ló ń bà á lẹ́rù. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ, ẹ̀jẹ̀ sì ti yọ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn. Savsan ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi inú aboyún hàn, ó sì ń fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí Dókítà Latofat ní ilé ìwòsàn ìlú Khorog. Àmọ́ àwo àtijọ́ yẹn, àwòrán tó bá gba inú ẹ̀ kọjá, á ti gé kélekèle kó tó dé.

"Savsan, òkùnkùn lo fi ń ránṣẹ́ sí mi," ni dókítà wí lọ́jọ́ Ajé. "Bí olóbi, ìyẹn ibi ọmọ, bá jìnnà sí ẹnu ilé ọmọ, kó jókòó sílé, kí jíìpù má lọ jà á jìgìjìgì títí ẹ̀jẹ̀ á fi dà. Bó bá sì jẹ́ pé ó dí ẹnu ilé ọmọ, tó wá rọbí lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, a ò ní bá ìyá, a ò ní bá ọmọ. Jẹ́ kí n rí i dáadáa. Ọjọ́ Ẹtì, kó tó di agogo méjìlá, torí mò ń wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lẹ́yìn ìyẹn."

Ọjọ́rú ni jíìpù Nazarsho, awakọ̀ abúlé, gbé páálí àwo tuntun náà dé. Lọ́jọ́bọ̀, Savsan gun orí òrùlé ilé wọn tó tẹ́ pẹrẹsẹ pẹ̀lú sípánà méjì àti ìwé ìlànà tí wọ́n fi èdè Rọ́ṣíà kọ. Àwọn bóòtù tó de àwo àtijọ́ mọ́lẹ̀ ti dípẹtà débi pé wọn ò mira. Ó da omi gbígbóná lé wọn, ó da kẹrosíìnì sí i, ó bẹ̀ wọ́n, ó bú wọn, kí wọ́n tó gbà. Òpó irin tó wà nílẹ̀ tún tín-ín-rín jù fún ẹsẹ̀ àwo tuntun, ló bá gé rọ́bà táyà tó ti gbó, ó wé e mọ́ òpó náà títí tó fi nípọn tó.

Oyimbegim, ìyá ọkọ rẹ̀, dúró sórí àkàsọ̀, ó ń wò ó.

"Ìyàwó, ṣé ilé lo fẹ́ wó lé wa lórí ni?"

"Rárá, Ìyá. Mo fẹ́ kí dókítà rí Nekqadam ni."

"Dókítà tó jókòó sí Khorog? Ojú ẹ̀ mà gùn o."

"Èyí tí mò ń kọ́ yìí ló máa bá a fà á gùn, Ìyá."

"Ọwọ́ ẹ ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Sọ̀ kalẹ̀ wá mu tíì kó tó tutù. Mo ti fi bọ́tà sí i."

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, á bú ọ tán, á sì bu oúnjẹ fún ọ. Ilẹ̀ ti ń ṣú, Savsan bá da àwo tuntun náà dojú dé orí koríko gbígbẹ tó wà lórí òrùlé, ó ní ó di àárọ̀.

Nígbà tó gòkè láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó bá ìyẹ̀fun lẹ́yìn àwo náà gbogbo. Ó rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tuntun tó wọ ilé yẹn tí Oyimbegim kì í wọ́n ìyẹ̀fun sí kó lè jẹ́ ti ire, bí wọ́n ṣe ń wọ́n ọn sí òpó ilé ní Navruz, àjọ̀dún ọdún tuntun wọn, àti sí èjìká ẹni tó ń rìnrìn àjò. Arúgbó ò mọ ojú àwo yàtọ̀ sí ẹ̀yìn ẹ̀, ló bá súre fún ẹ̀yìn. Savsan ò nù ún kúrò. Ta ló máa nu àdúrà ìyá ọkọ ẹ̀ dànù? Ó gbé àwo sórí òpó, ó dojú ẹ̀ kọ ibi tí ojú ọ̀run ti fẹ̀ jù láàárín òkè méjèèjì, ó ki wáyà bọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ó sì gba fèrèsé òrùlé fa wáyà náà lọ síbi bátìrì.

Iná kan ò tàn. Ó pààrọ̀ bátìrì, iná ò tàn. Ó tún ìwé kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tú gbogbo rẹ̀, ó tún un so. Agogo mọ́kànlá lù. Ìkùukùu ti ń sọ̀ kalẹ̀ sórí òkè, atẹ́gùn sì ń rùn bíi yìnyín.

"Àǹtí Savsan, ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́?" Nekqadam béèrè láti ìsàlẹ̀.

"Ó kù díẹ̀."

Irọ́ ni. Ó ń bá ara rẹ̀ wí pé ta ló rán òun níṣẹ́, pé ti àtijọ́ tiẹ̀ ń gbé ohùn dé Khorog, òun sì ti fi ọwọ́ ara òun tú u palẹ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Nígbà tó ku ogójì ìṣẹ́jú kí agogo méjìlá lù, ó fa wáyà yọ lẹ́yìn àwo, ó yọjú wo inú ihò rẹ̀. Nǹkan funfun ló dí i. Ó rò pé yìnyín ni. Ó fi ìka kàn án, ó tọ́ ọ wò. Ìyẹ̀fun ni, ìrì òwúrọ̀ ti pò ó pọ̀ bí ẹni fẹ́ ṣe búrẹ́dì.

Ó sáré lọ gbé àpótí iṣẹ́ rẹ̀: òwú, sípíríìtì, abẹ́rẹ́. Ìyẹn ló mọ̀ ọ́n lò jù. Ó fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tó bá ń fọ etí ọmọdé, ó fi òwú tó rẹ sínú sípíríìtì nù ún mọ́, ó sì dúró kó gbẹ. Ìdúró yẹn pẹ́ lójú rẹ̀ ju oṣù kan lọ.

"Kí ló ṣe é?" Oyimbegim béèrè lórí àkàsọ̀.

"Eruku ọ̀nà ni, Ìyá."

"Mo mọ̀. Nazarsho yẹn ò mọ ẹrù gbé."

Savsan ki wáyà bọ̀ ọ́. Iná tàn.

Ojú Dókítà Latofat yọ lórí fóònù, ó mọ́ débi pé Savsan rí ewú iwájú orí rẹ̀. Savsan gbé ẹ̀rọ lé ikùn Nekqadam, dókítà sì ń darí rẹ̀: sọ́tùn-ún díẹ̀, sísàlẹ̀, dúró níbẹ̀.

"Mo rí i," ni dókítà wí. "Olóbi ti dí ẹnu ilé ọmọ pátápátá. Ẹ máa bọ̀ lónìí yìí. Ẹ má jẹ́ kó fẹsẹ̀ rìn débi ọkọ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì tẹ́ ẹ, kí Nazarsho sì rọra wà á. Mo máa dúró dè yín."

Nekqadam bú sẹ́kún. Oyimbegim, tó ti ń sọ láti ọjọ́ yìí pé ẹ̀gbẹ́ ààrò ni gbogbo obìnrin ilé àwọn ń bímọ sí, ló kọ́kọ́ dìde. Ó lọ ń kó aṣọ òtútù sínú jíìpù. Ìròyìn burúkú ni, ṣùgbọ́n bí Savsan ṣe ń gbé àpò rẹ̀, ọpẹ́ ló ń dá, nítorí wọ́n ti mọ̀, ọ̀nà sì ṣì ṣí.

Wọ́n dé Khorog láìsí ẹ̀jẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ náà jáde. Ìdájí yẹn náà ni yìnyín bo ọ̀nà Bartang mọ́lẹ̀.

Lọ́sàn-án, Savsan pe ilé. Tíṣà abúlé ló bá Oyimbegim di fóònù mú. Savsan fi ọmọ hàn án, ọkùnrin, tó ń yán. Ó fi Nekqadam hàn án lórí ibùsùn.

"Màámá, mo wà láàyè," ni Nekqadam wí.

Oyimbegim nu ojú.

"Ìyàwó mi dà?"

"Èmi nìyí, Ìyá."

"Gbé ọwọ́ ẹ wá."

Savsan rò pé ojú ọgbẹ́ tí bóòtù dá sí i lọ́wọ́ ló fẹ́ rí. Ó gbé e síwájú fóònù. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọmọdé ló ń kọ́kọ́ tẹrí ba fẹnu ko ọwọ́ àgbà, kí àgbà tó fẹnu ko tiẹ̀ padà. Ó di ọdún kẹsàn-án tí Savsan ti wọ ilé yẹn, kò sì sí ọjọ́ kan tí wọn ò ṣe é bẹ́ẹ̀.

Fóònù ṣókùnkùn. Ojú arúgbó ló sún mọ́ ọn. Savsan gbọ́ tí ètè ìyá ọkọ rẹ̀ kan gíláàsì fóònù lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún kàn án lẹ́ẹ̀kejì.