Búrẹ́dì Gbígbẹ Tó Yí Orúkọ Padà

Ara Ẹlẹ́tí ò lélẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò lé e. Ó gbé sípánà, ó gbé e sílẹ̀. Ó bu omi, kò mu ún tán tó fi da èyí tó kù nù. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé nǹkan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, torí mekáníìkì alùpùpù ni, kì í sì í fi ọwọ́ ṣeré lẹ́nu iṣẹ́.

Bó ṣe ń yẹ ẹ́ńjìnnì wò ni wọ́n fi ń pè é ní Ẹlẹ́tí. Á fi ẹnu sukudiráfà kan ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, á fi ìdí rẹ̀ ti etí, á di ojú, á wá sọ ohun tó ń ṣe é fún ẹ bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì ló rojọ́ fún un. Àwọn èèyàn gbà á gbọ́. Òun náà gba ara rẹ̀ gbọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ agbẹ̀bí ló mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀rínòwọ́n. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé agbẹ̀bí lọ sí ilé ìgbẹ̀bí kan tó jìnnà ni, ó wá ń wá alùpùpù tó máa gbé e débi iṣẹ́, tó sì máa fi gbé ìyá wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú rẹ̀. Ẹ̀rínòwọ́n ló ń ta àwọn alùpùpù tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun. Ọkùnrin yìí lè máa bú ẹ kó sì máa rẹ́rìn-ín. Ó gbé alùpùpù pupa kan síta, irú èyí tí táyà rẹ̀ kéré, tó ní páànù pẹlẹbẹ téèyàn ń gbé ẹsẹ̀ lé, tó ń dán gbinrin, tí wọ́n ya àwòrán ẹyẹ idì sí láyà. Ó ní ọjà tuntun ni, orúkọ tuntun ni, kò tíì sí irú ẹ̀ rí. Ẹlẹ́tí fi sukudiráfà gbọ́ ẹ́ńjìnnì, ó tẹ bíréèkì, ó tẹ táyà wò. Gbogbo bó ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò ni Ẹ̀rínòwọ́n ń pè é ní ọ̀gá àwọn ọ̀gá, orí rẹ̀ sì ń wú. Ó nàró, ó ní ó dáa, ó ní ẹ́ńjìnnì yìí ń kọrin ni. Agbẹ̀bí dúpẹ́, ó ní òun á padà wá gbé e.

Kí ló wá dé tí ara Ẹlẹ́tí ò lélẹ̀? Alùpùpù oníbàárà kan tó wà níwájú rẹ̀ ló fà á. Búrẹ́dì Gbígbẹ ni. Báwọn mekáníìkì ṣe ń pe irú rẹ̀ nìyẹn, torí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, ìyẹn irin méjì tó di táyà iwájú mú, máa ń ṣàdédé kán pẹ́kẹ́ bíi búrẹ́dì tó ti gbẹ. Ó da àwọn èèyàn ṣubú débi pé ẹnikẹ́ni ò rà á mọ́, wọn ò sì kó o wọlé mọ́. Bí Ẹlẹ́tí ṣe ń tú ẹsẹ̀ iwájú tó kán náà, ó rí àmì kékeré tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ irin rẹ̀ látilẹ̀: igun mẹ́ta, pẹ̀lú hóró kékeré kan tó yọ síta láàárín. Kì í ṣòní ló ti ń rí i. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, bó ṣe ń wo irin náà, alùpùpù pupa ló ń rí. Bí irin tibí ṣe tẹ̀ ni tọ̀hún ṣe tẹ̀. Etí ló fi yẹ tọ̀hún wò lánàá. Kò yọjú wo abẹ́ rẹ̀ rárá.

Ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó di ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀rínòwọ́n. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja sábẹ́ alùpùpù pupa, àwọn tó wá rajà ń wò ó bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Ìta ẹsẹ̀ iwájú náà ń dán, ó jọ pé wọ́n ti ha nǹkan kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì kun ún lọ́dà. Ó ti ìka bọ ẹ̀yìn irin náà, níbi tí ohun tí wọ́n fi ha á ò lè dé. Ìka rẹ̀ kan igun kan, ó kan òmíràn, ó kan hóró kékeré tó wà láàárín. Búrẹ́dì Gbígbẹ ni.

Ó fa Ẹ̀rínòwọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ ohun tó rí fún un. Ẹ̀rínòwọ́n ò tiẹ̀ jiyàn. Ó ní àwọn tó ń ṣe é ti tún irin náà ṣe, pé ìdí tí wọ́n fi yí orúkọ rẹ̀ padà nìyẹn. Ẹlẹ́tí bi í pé tó bá jẹ́ pé wọ́n ti tún un ṣe, kí ni wọ́n wá ń ha àmì kúrò fún? Ẹ̀rínòwọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ṣebí ìwọ náà lo dúró síbí lánàá tó o ní ó ń kọrin? Lọ sọ fún àbúrò ẹ pé o ò mọ orin mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ẹlẹ́tí lára ṣinṣin. Ó jáde, ó mú fóònù, ó wá orúkọ àbúrò rẹ̀, ìka rẹ̀ sì dúró lókè bọ́tìnnì. Kí ló fẹ́ sọ? Látọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ yẹn, kò tíì sọ fún un rí pé òun ṣàṣìṣe. Ojú ń tì í. Ó bá kúkú kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i: "Ma ra a." Kò fi àmì ohùn kankan sí i. Ta ló tiẹ̀ ń fàmì sí nǹkan lórí fóònù?

Kò pẹ́ tí èsì dé: "E se boda mi."

Ó mí kanlẹ̀. Síbẹ̀, ara rẹ̀ ò lélẹ̀. Èèyàn á ní kó o fi ohun tó wù ẹ́ sílẹ̀, o ò wá ní béèrè ìdí? Ó mú fóònù, ó gbé e sílẹ̀, ó tún mú un. Tó bá pè é, á béèrè ìdí lóòótọ́, òun á sì ní láti fẹnu ara òun sọ ọ́. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, kò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù tó fi gba ilé ìyá rẹ̀ lọ. Ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ìyá kan tó ń gbálẹ̀ lójúde kí i tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní agbẹ̀bí ti gbé Màmá sẹ́yìn alùpùpù pupa bí ìyàwó tuntun, wọ́n ti lọ tọ́jú ojú. Ó ní agbẹ̀bí ń fọ́nnu pé ẹ̀gbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ní kóun máa rà á.

Ẹlẹ́tí ki eré mọ́lẹ̀. Ó ń sáré, ó ń pè é, fóònù ń dún, kò gbé e. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ̀nà ilé ìwòsàn yẹn, ó sì kún fún kòtò. Kò sí kòtò tó kọjá tí kò wo ilẹ̀ ibẹ̀ bóyá òun á rí ẹ̀jẹ̀.

Ó bá èrò lẹ́nu géètì. Alùpùpù pupa náà ti sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, táyà iwájú rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀, ẹyẹ idì dojú bolẹ̀ nínú gọ́tà. Ó yí gbogbo ibẹ̀ wò. Ó rí ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó jókòó, kò fara pa. Ẹlẹ́tí kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

Màmá fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀, ó dá a mọ̀. Ó ní òun ti sọ̀ kalẹ̀ ní tòun, agbẹ̀bí wá fẹ́ lọ gbé alùpùpù síbi ìbòòji, bó ṣe kọjá lórí gegele kékeré yẹn ni nǹkan dún pẹ́kẹ́. "Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbalẹ̀," Màmá ní.

Nígbà tí agbẹ̀bí jáde, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì funfun di ọwọ́ náà láti àtẹ́lẹwọ́ títí dé ìgunpá. Ọwọ́ tó fi ń gba ọmọ nìyẹn o.

"Bọ̀dá mi," ó ní, "ẹ ní kí n máa rà á."

"Mo ní kó o má rà á."

Ó fi ọwọ́ òsì yọ fóònù jáde, ó nà án sí i. Ẹlẹ́tí kà á bó ṣe kọ ọ́. Agbẹ̀bí kà á bó ṣe rí i. Màmá, tójú rẹ̀ ò ríran dáadáa, ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n tún un kà. Ó mi orí, ó ní àwọn méjèèjì ló kà á dáadáa.

Agbẹ̀bí wá bi í léèrè ohun tó ti ń sá fún látàná.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pè mí? Tẹ́ ẹ bá fẹnu sọ ọ́, ṣé mi ò ní gbọ́ ni?"

"Ojú ló tì mí," Ẹlẹ́tí ní.

Agbẹ̀bí di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó mú un wọlé.

Ẹlẹ́tí ru irin tó kán náà lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀rínòwọ́n, ó dà á dojú dé, ó fi ṣọ́ọ̀kì funfun yí àmì náà po. Ojoojúmọ́ ló ń lọ jókòó tì í. Gbogbo ẹni tó bá wá wo alùpùpù ẹlẹ́yẹ idì, á ní kí wọ́n fi ìka kan àmì náà ná. Bí wọ́n bá béèrè bó ṣe jẹ́, á ní, "Èmi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí ni mo ní ó dáa." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ̀rín wọ́n lẹ́nu Ẹ̀rínòwọ́n.

Ṣùgbọ́n agbẹ̀bí ò gbé ìpè rẹ̀. Ẹlẹ́tí á rìn dé ìtòsí ilé wọn, á yíjú padà. Oúnjẹ ò wù ú jẹ.

Ọjọ́ kan ni fóònù rẹ̀ dún tín-ín lórí táyà tó gbé e lé. Àbúrò rẹ̀ ni. "E ma wa."

Ó dìde. Ó jókòó. Ó kà á pé kóun wá, inú rẹ̀ dùn. Ó kà á pé kóun má wá, ọkàn rẹ̀ wó lulẹ̀. Ó tún un kà títí ojú rẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó pè é. Agbẹ̀bí gbé e.

"Jọ̀ọ́," Ẹlẹ́tí ní, "fẹnu sọ ọ́ fún mi."

"Ẹ máa wá," agbẹ̀bí ní, ó fà á gùn dáadáa. "Ṣẹ́ ẹ gbọ́ báyìí?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ ò bá kúkú ti pè mí lọ́jọ́ yẹn, bọ̀dá mi."

Ẹlẹ́tí ti dójú pópó. Kò rántí ti ṣọ́ọ̀bù, sukudiráfà sì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.